Owó tí Ọsibítù Dá Padà fún Ọ, Àníkẹ́

Ẹ̀jìgbò,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ṣẹkínátù mi, Àníkẹ́, ọmọ tó kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Àlàáfíà ni mo wà, kódà mo ti kọjá àlàáfíà. Ayọ̀ ń gbé mi rìn nínú ilé bí ẹni tí orúnkún kò dùn rí. Láàárọ̀ yìí mo da iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà, ọkọ mi mu ún tán, wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n ní ó dùn. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò tọ́ ọ wò ni?" Wọ́n ní, "Mo tọ́ ọ wò. Ẹni tó pò ó ni mo ń wò lójú tí mo fi mu ún tán." Àníkẹ́, ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sórí ẹní. Ní ọjọ́ orí mi yìí! Obìnrin tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé!

Mo mọ̀ pé wà á máa sọ pé, kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà? Fóònù kò lè gba ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, wà á ní, "Màámi, mò ń bọ̀, oníbàárà dé," ọ̀rọ̀ á sì já sí méjì. Lẹ́tà kò mọ oníbàárà. Nígbà tí búrẹ́dì bá ti wọnú ààrò, wá àpótí kan jókòó, kí o kà á dópin.

Ọ̀rọ̀ owó tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó mi ni.

Jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ààrò jó Ramota lápá, ọmọbìnrin tó ń bá ọ po ìyẹ̀fun, o sáré gbé e lọ sí ọsibítù, o sì san owó ìtọ́jú rẹ̀ láti inú àpò ilé búrẹ́dì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Wàsíù ọkọ rẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tirẹ̀, ó yà wo Ramota, ó rí ìwé owó ìtọ́jú lórí tábìlì, kò bi ọ́ léèrè, òun náà fi fóònù san án, láti inú àpò ilé búrẹ́dì kan náà. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí ẹ san án lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè bá ìfẹ́ jà. Bí a ṣe ń ṣe é ní agbègbè wa níbí náà nìyẹn. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ẹni tó wà nílé á san, ẹni tó wà ní Abidjan á fi ránṣẹ́, èyí tó wà ní Ìsúndùnrìn á ta iṣu, kò sì sẹ́ni tó máa bi ẹnì kejì pé, "Ṣé o ti san?" Ojú ń tì wá láti béèrè, kí wọ́n má baà ní a ò fẹ́ san ni.

Nígbà tí ọdún yí, o ṣe ìwé owó-orí rẹ. O kọ iye tí búrẹ́dì mú wọlé, o yọ owó ìyẹ̀fun, o yọ owó igi ìdáná, o yọ owó àwọn òṣìṣẹ́, o sì yọ owó ìtọ́jú Ramota, ti ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ẹ ò tíì mọ̀ pé ọ̀kan pọ̀ jù. Lẹ́yìn tí ìwé náà ti dé ọ́fíìsì wọn ni ọsibítù yẹ àkọsílẹ̀ tiwọn wò, tí wọ́n sì dá ọ̀kan padà fún ọ. Ìgbà yẹn gan-an ni mò ń ṣe ìyàwó. O fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, o sì pè mí. N kò gbàgbé ohun tí a sọ.

"Màámi, ṣé ẹ ti rí owó?"

"Mo rí i! Ṣẹkínátù, kí ni kí n fi gbogbo èyí ṣe?"

"Ohun tó bá wù yín, mà. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó yín ni. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ báwo?"

"Ọsibítù ló dá a padà. Owó Ramota tá a san lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Mo ti yọ ọ́ nínú ìwé owó-orí, kò sẹ́ni tó tún máa béèrè rẹ̀ mọ́. Wàsíù gan-an ò mọ̀ pé ó padà wá. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin."

Àwọn obìnrin ń kọrin lẹ́yìn mi lọ́wọ́, wọ́n ń fi láálì sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Mo ṣàdúrà fún ọ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ayọ̀ ti dí mi létí. Ìgbà tí àwọn àlejò lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí mi lára.

Mo sọ fún ọkọ mi. O mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń tún ṣe ní Masifa, wọn kì í pariwo, ẹ̀rọ ló ń bá wọn pa á. Wọ́n ní, "Ọmọ náà ṣe dáadáa. Ìwọ lo bí i. Kí lo fẹ́ sọ fún un?"

Mo ní, "Ìtàn Kádò ni mo fẹ́ sọ fún un."

Wọ́n ní, "Kí ló ń jẹ́ Kádò?"

Ọkọ tuntun dára o! Gbogbo ìtàn tó ti sú yín lẹ́nu mi ni mo tún lè sọ ní ọ̀tun.

Ìwọ ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n apá tó pa yín lẹ́rìn-ín nìkan la máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ. Jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà tí bàbá rẹ mú mi lọ sí Abidjan, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé wọn. Nígbà tí oyún rẹ gbó, àwọn ilé ìwòsàn ní ó lè jẹ́ iṣẹ́-abẹ ni wọ́n máa fi gbà ọ́. Bàbá rẹ kò ní irú owó yẹn. Wọ́n lọ sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀, àwọn yẹn dá owó jọ, a sì san án sílẹ̀. Ìwọ náà wá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ibì kan ń pè. Kò sí iṣẹ́-abẹ. Ilé ìwòsàn dá owó rẹ̀ padà, èmi ni wọ́n sì kó o fún, nítorí bàbá rẹ wà lọ́jà.

Ní ọjà wọn níbẹ̀, tí o bá ra ọjà púpọ̀, ẹni tó tà á á bù díẹ̀ lé e fún ọ, á ní "kádò" ni, bí àwa ṣe ń gba èènì nílé. Mo wo owó náà, mo wo ìwọ tí o sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, kádò ni èyí! Ọlọ́run fún mi lọ́mọ, ó fi èènì sí i. Mo fi ra ànkárá onítànná pupa, mo rán an, mo pọ̀n ọ́, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé tí a fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá tó ṣe olórí àwọn obìnrin fọwọ́ kan etí aṣọ mi. "Ìyá ìkókó, aṣọ yìí mà dára o. Ta ló rà á fún ọ?"

"Kádò ni, mà."

"Kádò ta ni?"

"Ti ilé ìwòsàn, mà. Wọ́n dá owó iṣẹ́-abẹ padà."

Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ̀ẹ́n. Ó mà yẹ ọ́ o. Gbogbo wa náà la wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Kádò ti bẹ̀rẹ̀. Apá tí a máa ń sọ fún yín nìyẹn. Ìyókù ni pé bàbá rẹ kò bá mi jà. Wọ́n gbà ọ́ lẹ́yìn mi, a ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, wọ́n kàn ní, "Wọn ò bínú pé o ra aṣọ. Ohun tó dùn wọ́n ni pé àwọn ló gbọ́ kẹ́yìn. Ẹni tí a bá sọ fún pé owó jáde, òun náà la máa sọ fún pé owó padà." A dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi mọ́, òun ni mo sì fi gbé ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí wò.

Àkọ́kọ́, ọmọ mi, gbọ́ ti owó-orí. Ìwé tí o kọ fún ọdún yẹn, ìwọ lo sọ fún wọn pé, "Owó báyìí ti jáde lọ́wọ́ mi nítorí òṣìṣẹ́ mi, ẹ má ka á mọ́ èrè mi." Wọ́n gbà ọ́ gbọ́, wọ́n sì dín owó-orí rẹ kù. Nísinsìnyí, apá kan nínú owó náà ti rìn padà wálé. Ẹni tí o sọ fún pé ó lọ, sọ fún un pé ó ti dé. Ó tán. Bí o bá kó agbọ̀n búrẹ́dì kan fún ẹni tó ń bá ọ kiri, tó ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, tí o sì gbà bẹ́ẹ̀, tó wá di ọjọ́ kejì tó rí àwọn tí kò bàjẹ́ nísàlẹ̀ agbọ̀n tó sì tà wọ́n jẹun, kí ni wà á pè é? Mo mọ ohun tí wà á pè é. Ẹnu rẹ kò dára tí inú bá bí ọ.

Kí o má baà ní Màámi kàn ń fi òwe ṣe owó-orí, mo lọ béèrè. Mo lọ bá ọmọkùnrin tó ń gba ìwé owó-orí lọ́wọ́ àwa ọlọ́jà níbí, n kò dárúkọ rẹ. Ó rí láálì lẹ́sẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ kú oríire o! Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń sá fún wa tẹ́lẹ̀, ẹ wá fi ẹsẹ̀ ara yín wá nínú oṣù ìgbéyàwó?"

"Ta ló sá fún ọ? Ìbéèrè ni mo gbé wá. Owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó padà wá, níbo la ń kọ ọ́ sí?"

Ó jókòó dáadáa, ó sì là á yé mi. Ó ní bí owó náà bá ti padà kí a tó kọ ìwé ọdún yẹn, iye tó jáde gan-an tí kò padà nìkan la máa yọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yọ gbogbo rẹ̀, tí ìwé sì ti lọ, tí owó wá padà lẹ́yìn ọdún yẹn, bíi tìrẹ, kí a má lọ máa ha ìwé àtijọ́ nù. Òótọ́ lohun tí a kọ níjọ́ tí a kọ ọ́. Nínú ìwé ọdún tí owó padà wá ni a máa kọ ọ́ sí, mọ́ owó tó wọlé, kí a sì so ìwé ẹ̀rí tí ọsibítù fi dá a padà mọ́ ti àkọ́kọ́ pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ ti ọdún tí a wà yìí, fi síbẹ̀. Ẹni tó ń bá ọ ṣe ìwé á fi ibi tó máa wà hàn ọ́, má kàn pa á mọ́ fún un.

Mo tún bi í pé, "Bí owó ìtọ́jú bá jẹ́ ti ìyá ẹni ńkọ́, tí ọmọ san láti inú àpò ara rẹ̀, tí wọ́n sì dá díẹ̀ padà?" Ojú mi tí o tọ́jú fún mi ni mo ń rò. Ó ní bí a kò bá yọ ọ́ kúrò nínú èrè rí, kò sí ohun tí a ń kọ padà. Owó ẹni ló padà sílé ẹni, kì í ṣe èrè. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n Àníkẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o kọ owó ojú mi mọ́ ìnáwó ilé búrẹ́dì. Ojú mi kò po ìyẹ̀fun fún ọ lọ́jọ́ kan.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ láti ibi tí mo wà. "Màámi, ta ló máa mọ̀?" Bóyá kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lóòótọ́. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ á mọ̀, èmi náà sì ti mọ̀ báyìí, owó náà á sì wà láàárín wa bí ìyá ìpàdé yẹn ṣe fọwọ́ kan etí aṣọ mi. Ilé búrẹ́dì rẹ ṣì kéré. Bí o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló máa gbó sí. Ọdún tí o bá gba ààrò kejì, tí òṣìṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n wá yẹ ìwé rẹ wò, mo fẹ́ kí o jókòó lórí àga rẹ, kí o máa bu omi mu.

Èkejì ni ti Wàsíù. Sọ fún un lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Torí pé ẹ ò bi ara yín léèrè lẹ fi sanwó lẹ́ẹ̀mejì, bí o bá tún fi èyí tó padà pamọ́, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà kò wọlé. Òun ló san èyí tó padà yẹn gan-an. Kò yẹ kó jẹ́ òun ló máa gbọ́ kẹ́yìn. Má rẹ́rìn-ín pé ìyàwó tuntun ń gba ìyàwó àgbà nímọ̀ràn o. Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ tó wà láyé, ìwọ lo jù mí lọ báyìí. Àmọ́ bí a bá fẹ́ jẹun alẹ́ níbí, ọkọ mi á sọ iye owó tí wọ́n pa ní Masifa àti iye tí wọ́n ná, èmi náà á sọ tèmi, nígbà míràn owó náà kò tó nǹkan tí à ń sọ. Ó dùn mọ́ mi ju ọbẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ sọ ẹ̀kẹta, ìdùnnú ti jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Bó bá padà wá, màá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Nítorí náà, mò ń dá owó náà padà fún ọ, pípé. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Mo ti fi díẹ̀ ra búútà tuntun tí ọkọ mi fi ń ṣe àlùwàlá, mo sì ti fi èrè ọjà mi dí i. Dá a padà sínú àpò ilé búrẹ́dì tó ti jáde. Kọ ọ́ pé ó wọlé. Nígbà tó bá yá, yọ ti ìjọba níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fẹ́ fún mi lẹ́bùn, fún mi nínú èyí tó jẹ́ tìrẹ, ì báà jẹ́ búrẹ́dì kan ṣoṣo. Màá gbé e sórí, màá jó yí àgbàlá ká, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ọmọ mi ló fún mi.

Ẹ̀hẹ̀ẹ́n, ẹ̀kẹta ti padà wá. Ó ṣòro láti kọ.

Nígbà tí bàbá rẹ kú, mo rò pé mo ti san gbogbo ayọ̀ mi tán sínú ọ̀fọ̀ yẹn. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. O di orí mi mú sáyà rẹ, mo ní, "Àníkẹ́, ó parí fún mi." O gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà lo ti ń tọ́jú mi bí ẹni tó ti parí fún. Kò tíì parí. Ọlọ́run wo ohun tí mo san, Ó rí i pé ó pọ̀ jù, Ó dá díẹ̀ padà. Mo sì fi pamọ́ fún ọ pé mo tún fẹ́ lọ́kọ. Àbúrò bàbá rẹ mọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà mọ̀, aránṣọ tó rán aṣọ ìgbéyàwó mi mọ̀, kí n tó pè ọ́. Mo ní ojú ló ń tì mí. Ìwọ tí mo kọ́kọ́ sọ fún pé ó lọ, ìwọ ni mo jẹ́ kó gbọ́ kẹ́yìn pé ó padà. Mo mọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ yẹn lórí, n kò sì lò ó. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mò ń sọ ọ́ fún ọ báyìí, pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi: ó padà wá. Inú mi dùn. Kò gba àyè bàbá rẹ rárá.

Mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Tí o bá fẹ́ kí ọkọ mi, o máa ń ní, "Ẹ bá mi kí wọn." O kò tíì pè wọ́n ní ohunkóhun. N kò ní fi ipá mú ọ, àwọn náà kò sì bi mí.

Àwọn ni wọ́n ń gbé owó náà bọ̀ wá bá ọ ní Òṣogbo lọ́jọ́ Ajé, lórí alùpùpù wọn. Mo ní kí a fi fóònù fi ránṣẹ́, wọ́n ní rárá, àwọn fẹ́ rí ààrò tí wọ́n ń sọ. Láti àná ni wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ epo ẹ̀rọ kúrò léèékánná. Wọ́n bi mí pé, "Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ta ni kí n ní mo jẹ́?" Mo ní, "Ẹ ṣá kan ilẹ̀kùn." Bí wọ́n bá kàn án, fún wọn ní búrẹ́dì tó gbóná. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Jẹ́ kí Ramota náà wá kí wọn, kí wọ́n rí i pé apá rẹ̀ ti san.

Tí o bá ti bá Wàsíù sọ̀rọ̀, tí owó náà sì ti wà níbi tó yẹ kó wà, pè mí kí n lè gbọ́. Ṣùgbọ́n má pe fóònù mi. Pe ti ọkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa wà.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó ọ̀ṣìngín,
Ìyá Kádò.